Ọdún Tí Bàbá Mi Fi Ṣọ́ Adájọ́

Géètì ilé wa ní Orozo kì í ṣí kó má ké. Bí mẹ́rúwà bá ń ti ọmọlanke omi rẹ̀ wọlé láàárọ̀, á ké gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan. Bí Bàbá Tọ́pẹ́, bíríkìlà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, bá ń lọ síbi iṣẹ́, á ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí kò sí ọjọ́ tí kì í gbàgbé irinṣẹ́ kan tí á tún padà wá mú. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá ń wọlé, díẹ̀díẹ̀ ni géètì náà máa ń ké, bí ẹni tó ń kùn sínú. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, wọ́n á dúró, wọ́n á wo ẹ̀yìn, wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Nínú ilé tiwọn! Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, mo ní géètì tèmi tí a fi epo sí tí kì í dún rárá, síbẹ̀ n kò lè gba ẹnu ọ̀nà kankan wọlé kí n má wẹ̀yìn. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ta lo jí ẹran rẹ̀?" Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Kò sí nílé wa lọ́dún náà, ìyẹn ni kò ṣe yé e.

Ọlọ́pàá ni bàbá mi. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, àwọn ọ̀gá wọn mú wọn kúrò ní àgọ́, wọ́n sì fi wọ́n ti adájọ́ kan láàárín ìlú Àbújá pé kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Bí Adájọ́ bá jí, bàbá mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí ó bá wọ mọ́tò, iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ni bàbá mi ń jókòó. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un lóde, bàbá mi á dúró sẹ́yìn àga rẹ̀, òórùn ìrẹsì á máa lù wọ́n nímú. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ọjọ́ ni wọ́n ń gbé bọ̀ wá bá wa ní Orozo, kì í sì í pọ̀. Wọ́n á jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì dán an títí ojú ènìyàn á fi hàn nínú rẹ̀. Ìró búrọ́ọ̀ṣì náà, ṣà, ṣà, ṣà, ni mo fi ń mọ̀ pé ará ilé wa pé. Bó bá ti ń dún, mo lè mí.

Iṣẹ́ yìí kò ní orúkọ kan ṣoṣo nílé wa, ó jọ lójú mi nígbà náà pé kálukú ń pè é bó ṣe ń bà á lẹ́rù sí. Ọ́dálì ni àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ wọn ń pè é. Bọ́dígáàdì ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè é, wọ́n á máa bi mí bóyá bàbá mi lè fò láti orí òrùlé kan dé èkejì bíi ti inú fíìmù. Málàmù Sani, ọmọ Hausa tó ń ṣọ́ géètì wa, gbà pé iṣẹ́ kan náà ni òun àti bàbá mi jọ ń ṣe. Bí bàbá mi bá ń jáde ní ìdájí, á nà róró, á ní, "Sànnu, mẹ́gáàdì ọ̀gá!" Bàbá mi á dá a lóhùn pé, "Yauwa, mẹ́gáàdì mi." Ìyá mi kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn rárá. Akọ̀wé ni ìyá mi nílé iṣẹ́ ìjọba, wọ́n máa ń lọ aṣọ wọn kó le gan-an, bí ẹnì kan bá sì bi wọ́n ní iṣẹ́ ọkọ wọn, wọ́n á ní, "Wọ́n ń bá adájọ́ ṣiṣẹ́," wọ́n á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni orúkọ iṣẹ́ náà dùn mọ́ lẹ́nu jù. Ọmọ Ìkòyí lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, Ìyá Àgbà sì máa ń kí wọn láàárọ̀ pé, "Àkànní, ọmọ ẹ̀ṣọ́, ọmọ Ìkòyí." Lójú tiwọn, ọba ni adájọ́, ọmọ wọn sì ti padà sídìí iṣẹ́ àwọn baba ńlá rẹ̀, àfi pé ìbọn ló gbé dípò ọfà. Orúkọ kan ṣoṣo ni a kò gbọdọ̀ pe bàbá mi. Mo sọ lọ́jọ́ kan pé Dádì ni aláàbò Adájọ́, ìyá mi ní kí n tètè fi omi yọ ẹnu mi. Ọlọ́run nìkan ló ń jẹ́ Aláàbò, wọ́n ní, ènìyàn kàn ń ṣọ́ni ni. Bàbá mi fúnra wọn kò pè é ní nǹkan kan. "Iṣẹ́" ni wọ́n ń pè é. "Mò ń lọ síbi iṣẹ́." Ó parí.

Bàbá Tọ́pẹ́ ló sọ èyí tó bà mí nínú jẹ́. Aláwàdà ni, ará Ìsẹ́yìn, kò lè rí ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ kó má tọ́ ọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo wa ń jẹ àgbàdo sísun lágbàlá, ó wo bàbá mi láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má dààmú ara yín mọ́ lórí orúkọ. Abọ́bakú lorúkọ iṣẹ́ yìí! Bí wọ́n bá yìnbọn sí Adájọ́, ta ló máa bọ́ síwájú? Ṣé kì í ṣe àwọn náà ni?" Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Bàbá mi pàápàá rẹ́rìn-ín. Ìyá mi dìde, wọ́n gbé abọ́ àgbàdo kúrò níwájú Bàbá Tọ́pẹ́, wọ́n ní, "Irú àwàdà yìí kò sí lágbàlá wa." Mo tẹ̀lé Ìyá Àgbà wọ ilé ìdáná, mo bi wọ́n ní ìtumọ̀ abọ́bakú. Ìyá Àgbà kì í parọ́ fún ọmọdé, ìyẹn sì ni àléébù wọn. Wọ́n ní láyé àtijọ́, ẹnì kan máa ń bẹ láàfin tó ń jẹ oúnjẹ dídára, tó ń wọ aṣọ gidi, tí gbogbo ayé ń dọ̀bálẹ̀ fún, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọba bá wàjà, ọjọ́ náà ni tirẹ̀ pé. Wọ́n ń ro ọbẹ̀ lọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbọ́ pé Adájọ́ ń wúkọ́, mo máa ń béèrè bóyá ó ti lo oògùn.

Òfin kan wà nílé wa tí kò sí nílé àwọn ọ̀rẹ́ mi. "Ọjọ́ àti ọ̀nà kì í jáde nílé yìí." Bí bàbá mi ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. A lè sọ pé Dádì ń bọ̀, a kò gbọdọ̀ sọ pé lọ́la ni. A lè sọ pé wọ́n rìnrìn àjò, a kò gbọdọ̀ sọ ibi tí wọ́n gbà. Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà kan pé ẹni tó fẹ́ ṣe Adájọ́ níbi kò ní wá sílé rẹ̀, níbi tí ìbọn wà, ojú ọ̀nà ló máa jókòó sí, ohun méjì péré ló sì nílò, kó mọ ọjọ́, kó mọ ọ̀nà. Wọn kì í sábà sọ ìrìn àjò fún èmi náà, ṣùgbọ́n mo ní ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ ọ́n. Bàbá mi fẹ́ràn ẹ̀wà ju ẹran lọ, àmọ́ bí ìrìn àjò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn kì í fọwọ́ kan ẹ̀wà, wọn kì í fọwọ́ kan àkàrà, nítorí ẹni tó ń ṣọ́ ènìyàn kò lè sọ láàárín ọ̀nà pé inú ń run òun, kí mọ́tò dúró. Nítorí náà, bí mo bá rí i tí wọ́n ti abọ́ ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní ẹ̀kọ, mo ti mọ̀ nìyẹn.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ti ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti fura ṣáájú pé nǹkan kan ń bọ̀. Ẹjọ́ ilẹ̀ kan wà lọ́wọ́ Adájọ́, nínú ìlú kan lẹ́yìn Lọ́kọ́já, wọ́n ti pa ènìyàn sí i, wọ́n sì ti kọ lẹ́tà sí Adájọ́ pé bí kò bá dá a bó ṣe wu àwọn, kò ní padà dé ilé. Gbogbo èyí ni mo ṣà jọ láti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ní àárọ̀ Sátidé, mo ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé yàrá àwọn òbí mi. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi: "Ṣé kò sí ẹlòmíì tó lè bá a lọ ni?" Bàbá mi ní, "Túsìdeè ni, aago márùn-ún àbọ̀ àárọ̀. Kwali la máa gbà, a ó ti dé kí oòrùn tó mú. Má sunkún mọ́." Mo gbá ibi kan ṣoṣo náà títí ìgbálẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú lọ́wọ́ mi. Mo ti mọ ọjọ́, mo ti mọ ọ̀nà, n kò sì mọ ibi tí mo lè gbé ẹrù náà sọ̀ sí.

Ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá kan wà lẹ́bàá títì tó lọ sí Karshi, ibẹ̀ ni ìyá mi, Ìyá Àgbà àti èmi máa ń lọ. Wọ́n gbé gbohùngbohùn méjì sórí òrùlé rẹ̀, wọ́n kọ ojú wọn sí títì, kí àwọn tó ń kọjá lè rí ìgbàlà bí wọn kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Àṣà kan wà níbẹ̀ tí n kò rí níbòmíì. Ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ á kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, á jù ú sínú apẹ̀rẹ̀, Ìyá Àdúrà á sì kà á síta, ìjọ á dìde, wọ́n á gbé e dé iwájú Ọlọ́run. Obìnrin gbọọrọ tí ohùn rẹ̀ ń mì ilẹ̀ ni Ìyá Àdúrà, ohun tó sì máa ń bá wa jà lé lórí ni pé àdúrà wa kò ní ojú. "Ẹ kọ ọ́ pé, Olúwa, ràn mí lọ́wọ́. Lórí kí ni? Ẹ̀ ń fi nǹkan pa mọ́ fún Ẹlẹ́dàá yín? Dárúkọ rẹ̀! Dárúkọ ọjọ́ rẹ̀! Dárúkọ ibi tó ti ń dùn ọ́!" Àwọn ènìyàn sì ń dárúkọ rẹ̀. Inú ìwé pélébé ni gbogbo ìjọ ti mọ ọkọ ta ni kò wálé, àti ọmọ ta ni kò yege.

Ìyá Àgbà kò mọ̀wé. Èmi ni akọ̀wé wọn, mo sì ń fi ipò náà yangàn, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ Àbújá ẹgbẹ́ mi ló ń gbọ́ Yorùbá tí kò lè kọ ọ́. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè náà, wọ́n fún mi ní bébà, wọ́n ní, "Kọ ọ́ pé kí Olúwa bá mi ṣọ́ Àkànní, ẹni tó ń ṣọ́ni." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ọ́, ǹ bá má ní ìtàn kankan láti sọ lónìí. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí Ìyá Àdúrà ń wí, pé àdúrà tí kò ní ojú kì í dé ibi tó ń lọ. Mo ronú pé bí Ọlọ́run kò bá mọ aago ńkọ́? Bó bá lọ dúró de bàbá mi ní ọ̀nà míì ńkọ́? Mo tẹ bíírò mọ́ bébà, mo sì kọ ọ́ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ Aláàbò kí ó ṣọ́ bàbá mi, Sájẹ́ǹtì, tí wọ́n máa sin Adájọ́ lọ ilé ẹjọ́ ní ọjọ́ Túsìdeè ní aago márùn-ún àbọ̀ àárọ̀. Kwali ni wọ́n máa gbà. Kí wọ́n má di abọ́bakú." Mo ká a sí mẹ́rin. Ọkàn mi fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀ àná.

Ó fúyẹ́ títí Ìyá Àdúrà fi ṣí i. Wọ́n kọ́kọ́ fojú kà á, wọ́n mi orí, àánú ṣe wọ́n, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ẹnu. Nígbà tí mo gbọ́ "Kwali" tó ń jáde láti orí òrùlé, tó ń lọ bá títì, tó sì tún padà wá bá mi, òye yé mi lójijì pé kì í ṣe Ọlọ́run nìkan ló ní etí. Ìyá mi wà láàárín àwọn akọrin, mo rí i tí ìwé orin bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìjọ ti dìde, wọ́n ń pariwo, "Olúwa, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun! Olúwa, ní ọ̀nà Kwali!" wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n fẹ́ràn wa. Mo wo ojú fèrèsé. Ọlọ́kadà kan ti dúró lẹ́bàá títì, ó tẹ̀ mọ́ ṣéènì ọ̀kadà rẹ̀, ó ń tún un ṣe. Nígbà tí àdúrà parí, ó gbé ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Ó lè jẹ́ pé ṣéènì rẹ̀ ló já lóòótọ́. Di òní yìí, mo lè ya àwòrán ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún yín, aláwọ̀ ewé ni, ó ya níbi èjìká.

Nílé, ìyá mi ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Wọn kò lù mí. Wọ́n ní, "Ta ló ní kó o kọ bẹ́ẹ̀?" Ìyá Àgbà fẹ́ gbà mí sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ni, ṣùgbọ́n ìyá mi mọ̀ pé Ìyá Àgbà kò mọ orúkọ Kwali. Ariwo kò pọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀dùn ni. Ìyá Àgbà ní kí a pe bàbá mi lórí fóònù. Ìyá mi ní rárá. "Ìyá, ẹ mọ ọmọ yín. Bó bá gbọ́, ó máa lọ sọ fún wọn níbi iṣẹ́. Bó bá sì sọ ọ́, wọ́n á gba Adájọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n lè lé e lọ sí ìpínlẹ̀ tí a kò mọ ẹnikẹ́ni, àwa á sì tú ká. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló gbọ́ ọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe apànìyàn." Wọ́n yíjú sí mi. "Fúnmi, o ò gbọdọ̀ la ẹnu. Ṣó o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Lónìí tí èmi náà ti di ìyá, n kò lè bá ìyá mi wíjọ́. Ẹ̀rù méjì ló dé bá wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì mú èyí tó kéré lójú wọn.

Bàbá mi wálé ní ọ̀sán Mọ́ńdè láti mú aṣọ. Ìyá mi wà níbi iṣẹ́, Ìyá Àgbà ń sun oorun ọ̀sán. Mo gbé àkàrà fún wọn, wọ́n ní kí n gbé e padà, wọ́n kàn mu ẹ̀kọ. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, ìró búrọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀, ṣà, ṣà, ṣà. Ìró tó máa ń jẹ́ kí n lè mí tẹ́lẹ̀, ọjọ́ náà ló fẹ́ pa mí. Mo ń wo ọrùn wọn níbi tí kọ́là ti bó o. Mo ń ro ọlọ́kadà yẹn. Mo ń ro ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ pé pẹ̀lú ti ọba. Mo lọ dúró níwájú wọn.

"Dádì."

"Hun."

"Bí ẹnì kan bá sọ ọjọ́ àti ọ̀nà síta ńkọ́?"

Búrọ́ọ̀ṣì dúró. Wọn kò gbé ojú sókè. "Ta ni ẹni náà?"

"Èmi ni, sà."

Wọ́n ní kí n jókòó. Wọn kò pariwo. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí wọn bí wọ́n ṣe máa ń rí lẹ́nu iṣẹ́, ojú wọn dákẹ́, wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ló kà á? Ìyá Àdúrà ni, sà. Nínú gbohùngbohùn? Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó dárúkọ aago? Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó dárúkọ Kwali? Ó dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, sà, ìjọ náà sì dárúkọ rẹ̀. Ta lo rí lóde? Mo sọ ti ọlọ́kadà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Màmá rẹ mọ̀?" Mo tẹjú mọ́ bàtà tí wọn kò tíì dán. Wọ́n mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ti rí ìdáhùn náà gbà. Wọ́n ní, "Kí ló dé tó o kọ ọ́?" Mo ní, "N ò fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ abọ́bakú." Omi bọ́ lójú mi. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, gbogbo ọwọ́ náà dúdú fún pólíìṣì, wọ́n ní, "O ṣeun tó o sọ fún mi. Má sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni mọ́." Wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ọ̀kan ń dán, ekuru ṣì wà lára èkejì, wọ́n sì jáde. Mo gbọ́ ohùn Málàmù Sani: "Kai, ọ̀gá, ẹ ò tíì dán èkejì!" Géètì ti ké, wọ́n ti lọ.

N kò gbàdúrà pé kí ẹnikẹ́ni rí irú ọjọ́ Ìṣẹ́gun bẹ́ẹ̀. A kò mọ̀ bóyá wọ́n lọ, a kò mọ̀ bóyá wọn kò lọ. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé mo ti jẹ́wọ́, wọ́n kàn jókòó sílẹ̀ bí aṣọ tó bọ́ lórí okùn. Wọn kò lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ń pe fóònù bàbá mi, fóònù náà kò wọlé. Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà sínú atẹ, wọ́n ṣà á tán, wọ́n dà á padà, wọ́n tún ń ṣà á. Géètì ké, mẹ́rúwà ni. Géètì ké, ọmọ tó ń ta kúnú ni. Ó ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Bàbá Tọ́pẹ́ ni, ó sì rí ojú wa, kò dápàárá. Bó bá ti ń ké ni ìyá mi ń dìde. Ìyá Àgbà pàápàá kò dárúkọ ẹ̀ṣọ́ lọ́jọ́ náà. Àkànní nìkan ni wọ́n ń pè, lábẹ́lẹ̀, léraléra.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, géètì ké lẹ́ẹ̀kan gbọọrọ. Bàbá mi ni. Wọ́n tì í wọlé, wọ́n ń bọ̀ tààrà láàárín àgbàlá. Wọn kò dúró. Wọn kò wẹ̀yìn. Mo sáré lọ bá wọn, mo di mọ́ wọn níkùn, ó sì tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ìbọn kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n sọ fún ìyá mi pé, "Adájọ́ kò lọ. Wọ́n ti sún ìrìn àjò náà síwájú. Wọ́n ti gba Adájọ́ lọ́wọ́ mi." Lẹ́yìn náà, wọ́n wo inú ìkòkò, wọ́n ní, "Ẹ̀wà ńkọ́?" Wọ́n jẹ abọ́ méjì. Ìyá mi ń bu oúnjẹ náà, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń bu oúnjẹ.

Adájọ́ lọ lọ́jọ́ mìíràn, ó gba ọ̀nà mìíràn, ọ́dálì mìíràn ló bá a lọ, wọ́n sì dé láyọ̀. Títí dòní, ẹnikẹ́ni kò lè sọ bóyá ẹnì kan lúgọ sí ọ̀nà Kwali ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, tàbí koríko nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n gbé bàbá mi lọ síwájú báńkì kan ní Wuse, wọ́n ń dúró nínú oòrùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan nígbà ìsinmi, ìyá mi mú mi lọ ra aṣọ ilé ìwé ní ọjà Wuse, a sì gba iwájú wọn kọjá. Ọkùnrin kan nínú mọ́tò tẹ fèrè, ó na ọwọ́ síta, ó ní, "Mẹ́gáàdì, ṣí géètì jàre." Bàbá mi ṣí i. Wọ́n rí wa, wọ́n fi ọwọ́ kan fìlà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú bí mi sí ọkùnrin náà débi pé mo fẹ́ sọ òkúta lu mọ́tò rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó yẹ kí n sọ ọ́ lù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo gbé e káàkiri pé ẹnu mi ló sọ bàbá mi di aṣílẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni kò bá mi wí rí, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó tán.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí wọn ní Orozo. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, irun wọn ti funfun tán. Mo bá ọ̀rẹ́ wọn kan níbẹ̀, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, ará Òṣogbo. Bí ó ṣe rí mi, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ayé àtijọ́. "Bàbá rẹ yìí! Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ tó o láàárín wa. Ẹnu rẹ̀ ló pa á. Odindi Sájẹ́ǹtì lọ dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ̀nà tí Adájọ́ máa gbà! Ọ̀gá bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 'Ta ló sọ ọ́?' Ó ní, 'Èmi ni, sà.' Èmi wà níbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, wọn kò wo ojú mi. N kò rántí bí mo ṣe sin àlejò náà dé ẹnu géètì.

Nígbà tí mo padà, wọ́n ti wà lórí àpótí lẹ́yìn ilé, wọ́n ń dán bàtà tí wọ́n máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, "Dádì, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin ni."

"Wọ́n ń béèrè orúkọ ni," wọ́n ní. "Bí mo bá sọ orúkọ, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n á wá bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀, ìwọ, ìyá rẹ, ìyá mi." Wọ́n tu itọ́ díẹ̀ sí imú bàtà, wọ́n nù ún. "Bí mo bá kúrò, wọ́n á fún Adájọ́ ní ẹ̀ṣọ́ míì. Wọ́n sì fún un. Èmi nìkan lẹ̀ṣọ́ tìrẹ."

N kò gbọ́ "ẹ̀ṣọ́" lẹ́nu wọn rí. Bàbá mi gbé bàtà tó ti dán sílẹ̀, wọ́n na èkejì, tí ekuru ṣì wà lára rẹ̀, sí mi, wọ́n sì sún díẹ̀ lórí àpótí kí n lè rí ibi jókòó.